Faransé Tó Tó Fi Ná Ọjà

 

Àwọn tó wá sí ìpàdé oṣù tó kọjá kò ní tíì gbàgbé bọ̀dá wa atẹ̀wé, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nínú Ṣómólú níhìn-ín, nígbà tó dìde láti ṣàlàyé ìdí tí owó tó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kò fi tíì wọlé tán. Kò fi owó náà ṣe fàájì. Iṣẹ́ ló fi ṣe. Oníbàárà kan wá láti Kùtọnú, ó ní kí ó bá òun tẹ lébẹ́ẹ̀lì ẹgbẹ̀rún méjì tí òun yóò máa lẹ̀ mọ́ páálí ẹja yíyan, kí gbogbo ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ sì jẹ́ Faransé. Bọ̀dá wa tẹ̀ ẹ́, àwọ̀ rẹ̀ jọjú, bébà rẹ̀ ń dán. Ó dì í, ó fi mọ́tò rán an. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo rẹ̀ fi padà dé. “Poisson” ni Faransé ń pe ẹja, lẹ́tà s méjì ló sì wà láàárín rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń tò ó lórí kọ̀ǹpútà, s kan bọ́ sọnù, ó wá di “poison”. Májèlé nìyẹn. Bọ̀dá wa ti tẹ májèlé yíyan fún oníbàárà, ẹgbẹ̀rún méjì ìgbà.

Ilé rẹ́rìn-ín títí. Òun náà bá wa rín in, àmọ́ ẹ ṣáà mọ irú ẹ̀rín tí ènìyàn ń rín nígbà tí gbèsè bá wà lọ́rùn rẹ̀.

Kí ẹ̀rín tó rọlẹ̀ ni ìyá kan tó ń ta áńkárá tún dìde. Tirẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Ó ní òun san owó sílẹ̀ lórí ọjà kan ní Dantokpa, ọjà ńlá tó wà ní Kùtọnú, pé kí wọ́n bá òun dá a dúró. Nígbà tó ṣe, òun rí irú aṣọ kan náà níbòmíràn tí owó rẹ̀ dín. Òun padà lọ bá ọlọ́jà pé kó mú díẹ̀ nínú owó náà fún ìyọnu rẹ̀, kó sì dá ìyókù padà. Ọlọ́jà nàka sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí rìsíìtì, ó ní ohun tí ìyá fọwọ́ sí nìyẹn, pé kò sí ọ̀nà mìíràn ju kó kó gbogbo ọjà kó sì san gbogbo owó. Ìyá ní ohun tó dun òun jù ni pé ọmọ Yorùbá ni ọlọ́jà náà. Yorùbá ni àwọn fi ná an, Yorùbá ni àwọn fi ṣàdúrà sí i. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́.

Níbẹ̀ ni bàbá kan láàárín wa ti sọ ọ̀rọ̀ tó di iṣẹ́ sí wa lọ́rùn. Ó ní ọmọ òun obìnrin wà ní SS 2 ní ilé-ìwé ìjọba kan ní Bàríga, ó ń kọ́ Faransé, àwọn mẹ́sàn-án péré ló kù nínú kíláàsì náà. Wọ́n ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé bí iye wọn bá tún dín, ilé-ìwé yóò fa iṣẹ́ náà gé ní kíláàsì àgbà, kí tíṣà máa kọ́ àwọn ọmọ kékeré nìkan. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí á yọ díẹ̀ nínú àpò owó ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ láti fi gbé kíláàsì yìí ró. Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn kan ní ó tì o. Bàbá Alága wá ní kí àwa mẹ́ta tí à ń kọ ìwé ìròyìn yìí lọ fi ojú ara wa rí i, kí á tó dìbò. A lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí a bá bọ̀ nìyí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú kinní kan kúrò lọ́nà. Kíkọ́ èdè àjèjì kì í ṣe ohun tuntun ní àdúgbò wa. CMS Grammar School tó wà ní Bàríga, òun ni ilé-ìwé gíráámà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ọdún 1859 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Erékùṣù Èkó, kí wọ́n tó gbé e wá sí Bàríga ní 1959. Láyé ọ̀gá àkọ́kọ́ rẹ̀, T. B. Macaulay, bàbá Herbert Macaulay, Látìn àti Gíríìkì wà lára ohun tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń kọ́. A ò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni fi Látìn ra ẹja ní ọjà Èkó rí, síbẹ̀ àwọn bàbá wa san owó rẹ̀.

Faransé kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló bá wa pààlà lórí ilẹ̀: Benin, Niger, Chad àti Cameroon. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a kì í lo Faransé ní ọ́fíìsì. Ti Benin ló kàn wá jù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fọwọ́ sí ìwé, wọ́n sì fa ìlà. Kétu àti Sákétẹ́ bọ́ sí ọ̀hún, Àjàṣẹ́ náà wà lọ́hùn-ún. Àwọn ará wa tó wà níbẹ̀ ń sọ Yorùbá nínú ilé àti lórí àtẹ, ṣùgbọ́n ilé-ìwé wọn, kóòtù wọn, báǹkì wọn àti kọ́sítọ́ọ̀mù wọn, Faransé ni. Ìdí nìyẹn tí ìyá aláńkárá fi lè fi Yorùbá ná ọjà dé ìparí, kó tó kan ìwé.

Ìjọba wa pàápàá mọ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1996, Ọ̀gágun Sani Abacha kéde pé Faransé yóò di èdè ìjọba kejì ní Nàìjíríà, ìwé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ tó jáde ní 1998 sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé gbà á. Tíṣà ni kò tó.

Èyí tí a bá ní Bàríga, obìnrin ni. Òun nìkan ló ń kọ́ Faransé láti JSS 1 títí dé SS 3. Lẹ́yìn tó kàwé díẹ̀ ní yunifásítì, wọ́n rán an lọ gbé fún ọdún kan ní Abúlé Èdè Faransé tó wà ní Àjàrá, ní Àgbádárìgì. Láyé àtijọ́, òkè òkun ni wọ́n ń rán àwọn tó ń kọ́ Faransé lọ kí ẹnu wọn lè là. Nígbà tí náírà wá fẹsẹ̀ rọ́ tí owó ìrìn àjò di ohun àìṣeéṣe, wọ́n dá Abúlé yìí sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Tíṣà yìí ní ibẹ̀ lòun ti mọ̀ pé òun kò tíì gbọ́ Faransé rárá, pé ìwé lòun ń kà láti ọjọ́ yìí.

Aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán ni kíláàsì àwọn àgbà, lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti ṣẹ́, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. A jókòó sẹ́yìn lórí bẹ́ǹṣì. Ohun àkọ́kọ́ tó yà wá lẹ́nu ni pé Yorùbá ló kọ́kọ́ kọ sí pátákó. Ó kọ “ilé”, ó kọ “ilẹ̀”. Ó ní kí wọ́n pè é. Wọ́n pè é. Ó wá kọ é àti è ti Faransé sábẹ́ wọn. Ó ní, “Èyí ni e tó wà nínú ilé. Èyí ni ẹ tó wà nínú ilẹ̀. Ẹ ti mọ̀ ọ́n láti inú ìyá yín wá.” Ó tún kọ “bon”, èyí tó túmọ̀ sí dáadáa, ó ní kí wọ́n pe “ìbọn” kí wọ́n sì fi i iwájú rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ Bàríga mẹ́sàn-án pe “bon” bí ọmọ Paris. Ohùn imú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wá kiri nínú Faransé, inú ìbọn àti ìyẹn ló wà fún wa.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀wọ̀. Faransé ní “tu” fún ẹgbẹ́ ẹni àti ọmọdé, ó ní “vous” fún àgbà, fún àlejò, àti fún èèyàn púpọ̀. Ṣé kì í ṣe “o” àti “ẹ” wa nìyẹn? Tíṣà ní nínú ìwé tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé, ojú ìwé gbọọrọ ni wọ́n fi ń sọ ìgbà tí ó yẹ kí ènìyàn lo ọ̀kan àti ìgbà tí ó yẹ kó lo ìkejì. Òun kì í lò ju ìṣẹ́jú kan lọ lórí rẹ̀. “Ẹni tí ẹ bá máa kúnlẹ̀ kí, vous ni.” Ó tán.

Àmọ́ kì í ṣe ibi gbogbo ni Yorùbá ti gbè wá. Lẹ́tà u tó wà nínú “tu” yẹn kò sí lẹ́nu wa. Ẹnu yóò ṣù bí ẹni fẹ́ súfèé, ahọ́n yóò sì wà níbi tó ti ń pe i. A gbìyànjú rẹ̀ níbi tí a jókòó sí, àwọn ọmọ fi wá rẹ́rìn-ín. Èyí tó tún le ju ìyẹn lọ ni pé gbogbo nǹkan ní Faransé ló jẹ́ akọ tàbí abo. Tábìlì jẹ́ abo, bàtà jẹ́ abo, owó jẹ́ akọ, ọjà náà jẹ́ akọ. Àwa tí à ń pe ọkùnrin ní “ó”, tí à ń pe obìnrin ní “ó”, tí à ń pe àga pàápàá ní “ó”, níbo ni a ti fẹ́ rí i? Tíṣà ní kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀. Kí wọ́n kọ́ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú “le” tàbí “la” rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí a ṣe ń kọ́ orúkọ ọmọ pẹ̀lú oríkì rẹ̀.

Wọ́n wá dé orí iye owó. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí. Ọgọ́rin ní Yorùbá, ogún mẹ́rin ni. “Quatre-vingts” ní Faransé, ogún mẹ́rin náà ni, kò yẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti kọjá ibẹ̀, ọ̀nà wa pín. Àwa ń yọ kúrò: márùndínlọ́gọ́rùn-ún, a wo ọgọ́rùn-ún, a yọ márùn-ún. Àwọn ń rò mọ́ ọn: “quatre-vingt-quinze”, ogún mẹ́rin àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àádọ́rin wa jẹ́ ọgọ́rin dín mẹ́wàá. Tiwọn jẹ́ ọgọ́ta lé mẹ́wàá. Tíṣà ní kí àwọn ọmọ mú bírò. Ó sọ iye kan kíákíá bí àwọn ìyá Dantokpa ṣe ń sọ ọ́: quatre-vingt-quinze mille. Mẹ́rin nínú àwọn mẹ́sàn-án kọ 80,000. Etí wọn ti gbọ́ ogún mẹ́rin, ọwọ́ wọn ti kọ ọ́ sílẹ̀, ìyókù sì bọ́ sílẹ̀. Owó tó bọ́ sílẹ̀ yẹn jẹ́ 15,000 fàráǹkì CFA. Ẹ sì rántí pé CFA kì í yẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó Yúróòpù, 655.957 ni fún euro kan. Náírà wa ni kì í dúró sójú kan, nítorí náà ẹni tó ṣi iye gbọ́ lọ́hùn-ún, ó ń bọ̀ wá ṣírò àṣìṣe náà lẹ́ẹ̀kejì nílé.

Ọ̀kan nínú wa bi í pé ṣé kò tíì yẹ kí SS 2 kọjá eléyìí. Ó ní ìwé ti kọjá rẹ̀ tipẹ́. Ó ní àwọn ọmọ wà tó lè fi gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe inú ìwé kọrin láti òkè dé ilẹ̀, tí wọn kò sì lè gbọ́ iye búrẹ́dì. “Faransé ìwé nìyẹn,” ó ní. “Mo fẹ́ kí wọ́n ní èyí tó tó fi ná ọjà, tó sì tó fi lọ kóòtù.”

Kì í ṣe pé ó ń sá fún gíráámà o. Gíráámà rẹ̀ le. Nígbà tó fẹ́ kọ́ wọn ní ìyàtọ̀ láàárín “j'ai acheté” àti “j'achetais”, ó ní kí wọ́n gbàgbé Gẹ̀ẹ́sì. “Mo rà á” ni ti àkọ́kọ́: ó ṣẹlẹ̀, ó parí. “Mo máa ń rà á” ni ìkejì: bí mo ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Èyí tí àwọn ọmọ ń bẹ̀rù jù ni ibi tí ọ̀rọ̀-ìṣe ti máa ń yí ìrísí padà lẹ́yìn “que”. Ó ní kí wọ́n wá “kí” nínú Yorùbá. Ó pọndandan kí o wá. Mo fẹ́ kí o wá. Kí o tó wá. Ní gbogbo ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, Faransé yóò yí ẹnu ọ̀rọ̀-ìṣe padà. Ó ní kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣọ́ “kí” kò ní ṣìnà púpọ̀. Àwa tí a ti lé ní ọgọ́ta ọdún jókòó síbẹ̀, à ń kọ́ gíráámà Yorùbá lọ́wọ́ tíṣà Faransé.

Lọ́jọ́ kejì tí a lọ, a mú rìsíìtì ìyá aláńkárá lọ́wọ́, pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀, a sì ti gé orúkọ kúrò lára rẹ̀. Gbogbo kíláàsì ọjọ́ yẹn ni tíṣà lò lórí bébà kékeré yìí. Ọ̀rọ̀ tí ọlọ́jà nàka sí ni “acompte”. Tíṣà kọ “arrhes” sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú Yorùbá, owó àsansílẹ̀ ni méjèèjì. Nínú òfin Faransé, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Bí owó tí o san bá jẹ́ “arrhes”, o lè yí ọkàn rẹ padà, o kàn pàdánù owó náà ni; bí ó bá sì jẹ́ pé ọlọ́jà ló yí ọkàn padà, ìlọ́po méjì ni yóò dá padà fún ọ. Bí ó bá jẹ́ “acompte”, ọjà ti tà nìyẹn, apá kan owó rẹ̀ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ san, kò sí ẹni tó lè sá nínú ẹ̀yin méjèèjì. Ọlọ́jà náà kò rẹ́ ìyá jẹ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Ìyá ní òun fi fóònù wò ó lọ́jọ́ náà, fóònù sì sọ fún òun pé owó àsansílẹ̀ ni. Fóònù kò parọ́. Kò kàn sọ tán ni.

A ń sọ eléyìí nítorí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ní fóònù ti gba iṣẹ́ ṣe.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìwé, ìṣe àwọn èèyàn ló kù. Tíṣà ní ẹ̀kọ́ èdè tí kò bá ní ìṣe nínú, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni. Bí ènìyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù ní Kùtọnú tó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “C'est combien?”, èló ni, wọn yóò wò ó bíi ẹni tí a kò kọ́ nílé. “Bonjour” ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú. A rò pé ọmọ Yorùbá kò nílò kí a kọ́ ọ níyẹn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tó bá ń sọ èdè òyìnbó, wọ́n máa ń gbàgbé ìkíni sílé. Ó tún kọ́ wọn ní ohun tí kò sí nínú ìwé tó wá láti Faransé rárá. Ní Benin àti Togo, wọ́n máa ń sọ “bonne arrivée” fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n sì máa ń kí ẹni tí wọ́n bá lórí ìjókòó pé “bonne assise”. Ẹ wò ó dáadáa: ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yà tiwa ló wọ aṣọ Faransé. Ó ní kí wọ́n mọ̀ pé bí wọ́n bá sọ “bonne assise” ní Paris, wọn kò ní mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ó ní kí wọ́n kọ́ méjèèjì, kí wọ́n sì mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń ṣiṣẹ́.

Àwọn ọmọ ń kọ lẹ́tà ìṣòwò pẹ̀lú. Lẹ́tà Faransé kì í tán bí ti Gẹ̀ẹ́sì tó kàn ń sọ pé èmi ni tiyín nítòótọ́. Gbólóhùn gígùn kan ni wọ́n fi ń pa á dé, pé kí ọ̀gá jọ̀wọ́ gba ìmọ̀lára ọ̀wọ̀ pàtàkì tí akọ̀wé ní sí i. Ọmọkùnrin kan ní àkókò ń ṣòfò nínú rẹ̀. Tíṣà bi í pé ìgbà mélòó ni bàbá rẹ̀ ń kí àna rẹ̀ kó tó sọ ohun tó bá wá.

Ìwé ìtàn tí wọ́n ń kà lọ́wọ́ nígbà tí a lọ ni “Une si longue lettre”, tí Mariama Bâ ọmọ Senegal kọ, tó jáde ní 1979. Lẹ́tà ni ìwé náà, láti ọwọ́ opó kan sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ tó ti fẹ́ ọmọ kékeré lé e kú. Àwọn ọmọbìnrin inú kíláàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn jà lórí bóyá ó yẹ kí opó náà ti jáde nílé ọkọ. Faransé ni wọ́n fi ń jiyàn! Ó ń kọsẹ̀, “le” di “la”, Yorùbá ń yọjú láàárín, ṣùgbọ́n wọ́n ń jiyàn. Ọmọ bàbá tó bẹ̀ wá níṣẹ́ wà lára wọn. A padà wá jábọ̀ fún bàbá náà pé ọmọ rẹ̀ ní ẹnu. Ó ní òun ti mọ̀.

Ìdánwò WAEC ni ẹ̀rù wà. Ìdánwò Faransé kì í ṣe kíkọ nìkan; ó ní apá tí ọmọ yóò ti fetí sílẹ̀ kó sì fẹnu sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ tó kọ́ Faransé bí ẹni kọ́ orin àkọ́sórí ti máa ń dúró gọ́ọ́. Kíláàsì Bàríga kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n lè fi gbọ́ ohùn mìíràn yàtọ̀ sí ti tíṣà wọn. Fóònù rẹ̀ ló ń gbé sáàárín tábìlì, gbogbo wọn á sì tẹ orí sí i bí ẹni ń wo inú kànga. Ìwé atúmọ̀ èdè kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, láti w lọ ni kò sí mọ́. Tíṣà ní orí ló bá wọn ṣe é, pé ọ̀rọ̀ Faransé tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú w kò pọ̀.

Ní ìpàdé, ẹnì kan béèrè pé kí ló dé tí kì í ṣe Sípáníìṣì, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba, Sípáníìṣì ni àwọn ọmọ wọn ń sọ títí dòní. Ìbéèrè náà dára. Aládùúgbò wa kan lójú omi, Equatorial Guinea, Sípáníìṣì náà ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló lọ ṣiṣẹ́ oko kòkó ní Fernando Po lẹ́yìn àdéhùn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá ti Sípéènì ṣe ní 1942, kí ìjọba wa tó lọ kó àwọn tó kù wálé ní 1975 sí 1976, nítorí ìyà tó ń jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́: nínú ẹgbẹ́ wa, a ò mọ ẹnì kan tó ń lọ ra ọjà ní Malabo. Àwọn tó ń lọ Kùtọnú, ìka ọwọ́ kò lè kà wọ́n.

Àtakò tó lágbára ju èyí lọ wá láti ẹnu bàbá àgbà kan, tó ní ọmọ tí kò lè kọ Yorùbá sílẹ̀, kí ni a fẹ́ fi Faransé ṣe fún un. A gbé ọ̀rọ̀ náà tọ tíṣà lọ bí ó ti rí. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí á bá òun kí bàbá, pé òótọ́ ni wọ́n sọ, ìdí tí òun fi ń bẹ̀rẹ̀ láti orí Yorùbá nìyẹn. Ó fi ìwé àwọn ọmọ hàn wá. Àwọn méjì tó mọ àmì ohùn Yorùbá í fi sí dáadáa, àwọn náà ni àmì orí lẹ́tà Faransé wọn kì í sọnù.

Ẹlòmíràn rán wa létí pé ìjọba ti bọ́dà láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá 2020, pé ọjọ́ tí wọ́n bá tún tì í, kí ni Faransé yóò ṣe? A ò ní èsì sí ìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ gbèsè nígbà náà, a kò sì ní díbọ́n pé èdè lè ṣí géètì Sẹ̀mẹ̀. Ohun tí a lè sọ ni pé nígbà tí wọ́n ṣí i, ìwé tí wọ́n gbé síwájú wa kò tíì yí èdè padà.

Ohun tí kíláàsì náà ń fẹ́ kò pọ̀: ẹ̀rọ agbóhùn kan pẹ̀lú bátìrì rẹ̀, ìwé atúmọ̀ èdè mẹ́ta tó pé, owó ọkọ̀ tíṣà fún ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, àti owó ìrìn àjò ọjọ́ kan lọ sí Àjàṣẹ́, kí àwọn ọmọ lè fi ẹnu ara wọn béèrè ọ̀nà. Ìwé àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún ọmọ Nàìjíríà láyè láti wọ Benin fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Ìwé ìrìnnà àti ìwé àṣẹ òbí ló kù. Akápò ti ṣírò gbogbo rẹ̀, yóò kà á sétí ìpàdé. Àwọn aláṣáájú wa ní Rochdale tó ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn ní 1844, wọ́n máa ń yọ nínú èrè wọn fún ìwé kíkà, nítorí náà kì í ṣe àṣà tuntun ni bàbá yẹn dá. Èrò tiwa, àwa mẹ́ta, ni pé kí ẹgbẹ́ ṣe é fún ọdún kan, kí á sì wo èsì WAEC.

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí ni ìdìbò. Kó tó dìgbà náà, tíṣà ní kí á bá òun tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ yín tí kò náni lówó: gbogbo bébà Faransé tó bá wà nínú àpò yín, rìsíìtì, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, ara páálí ọjà. Ẹ gé orúkọ kúrò, kí ẹ fún akọ̀wé. Bọ̀dá atẹ̀wé ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà kẹta tí a lọ, a bá a níbẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọmọdé pẹ̀lú ìwé rìsíìtì tó fẹ́ tẹ̀ fún oníbàárà mìíràn, kò sì tíì tẹ̀ ẹ́. Ọmọ bàbá yẹn fi bírò pupa fa nǹkan kékeré kan sábẹ́ lẹ́tà c nínú “reçu”, ó ní bí kò bá sí i níbẹ̀, kì í ṣe rìsíìtì. Bọ̀dá wo abẹ́ lẹ́tà náà títí, ó ní irú ìrù kékeré báyìí, ó dìde, ó ní òun fẹ́ sáré padà sí ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó gbé e sórí ẹ̀rọ.